Ọjọ́ Tí Kàmíl Kan Ilẹ̀kùn Ilé Ara Rẹ̀

Ìwọ tí o ń ka èyí, gbọ́ ìkìlọ̀, kí o má baà sọ lọ́la pé ẹnìkan kò sọ fún ọ. Bí ará ilé rẹ kan bá ti ibi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní fọmasíọ̀n dé, tí ó gbé káàdì kọ́ ọrùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tí ó ń pe ìjókòó lásán ní ìpàdé, tí ó ń pe oúnjẹ ní pọ́ọ̀sì-kafé, má bá a jiyàn. Kọ́kọ́ lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ pamọ́ ná. Lẹ́yìn náà ni kí o tó bi í léèrè ohun tí ó kọ́ bọ̀.

Àríkẹ́ kò rí ẹni kìlọ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú oṣù tí oòrùn Wagadugu máa ń yan ènìyàn bí ẹ̀pà, ó ru igi ìdáná wọlé, ó sì bá bẹ́ẹ̀dì òun àti ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò láàrin àgbàlá. Kàmíl ọkọ rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Àgbò rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Firdaus, kí lẹ ń ṣe níta?"

"Wọ́n ní n kò gbé ibí."

"Ta ló ní ẹ ò gbé ibí?"

Kàmíl nawọ́ sí yàrá iwájú. "Àbúrò mi ni. Ó ní títí àlejò yóò fi lọ, àdúgbò Koulouba ni mò ń gbé."

Àríkẹ́ sọ igi kalẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹnu ọ̀nà ìta bóyá ẹnìkan ń wò wọ́n. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kí ó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè balẹ̀ sí.

Ràṣídì ló wà nínú yàrá, àbúrò Kàmíl. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń ta páàtì mọ́tò tẹ́lẹ̀, kí Ràṣídì tó mọ ọ̀nà ibi fọmasíọ̀n. Ní gbogbo Wagadugu, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ aláàánú tí wọn kò mọ ojú rẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń pe ìpàdé. Ó mọ bí a ṣe ń kọ ìròyìn iṣẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òyìnbó láìdà bí alágbe. Àwọn báàgì ọ̀fẹ́ tí ó ń kó bọ̀, Àríkẹ́ ń fi wọ́n kó àlùbọ́sà sí. Ohun kan ṣoṣo tí Ràṣídì kò tíì ṣe rí ni pé kí ó darí ẹgbẹ́.

Ẹnu Àríkẹ́ ni ẹgbẹ́ ti já bọ́. Ìborùn ló ń tà ní etí kòtò òkúta Pissy, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi òòlù fọ́ òkúta nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó kàn sọ nídìí oúnjẹ pé bí àwọn obìnrin yìí bá rí àtíbàbà kan fi borí, ì bá dára. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ràṣídì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Ibòji, ó fi Àríkẹ́ ṣe alága, ó fi Kàmíl ṣe akápò, ó fi Firdaus ọmọ wọn ṣe akọ̀wé, òun fúnra rẹ̀ di olùdarí ètò. Àríkẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà tán. Láti ìgbà náà ni àyà rẹ̀ ti ń já bí ọlọ́pàá bá gun alùpùpù kọjá.

Àtíbàbà ńkọ́? Àtíbàbà kò tíì dé. Wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ àtíbàbà náà ní Koulouba, wọ́n ti jókòó lórí rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti jẹ ìrẹsì lórí rẹ̀, wọ́n ti jẹ adìyẹ. Bí a bá kó abọ́ tí wọ́n fi jẹun nítorí rẹ̀ jọ, tí a dà wọ́n dé orí àwọn obìnrin náà, oòrùn kò ní rí wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n lónìí, wọ́n ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ. Ó fẹ́ wo ẹgbẹ́ náà bóyá ẹgbẹ́ gidi ni. Bí ó bá wù ú, àtíbàbà dé kí oṣù tó parí. Bí kò bá wù ú, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé, nínú fọmasíọ̀n tí Ràṣídì lọ kẹ́yìn, wọ́n sọ pé àwọn olóyè ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ilé kan náà. Ẹlòmíràn ì bá wá olóyè mìíràn. Ràṣídì rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní ó rọrùn láti yí ilé padà ju kí a yí ìwé padà lọ.

Nígbà tí Àríkẹ́ wọlé, ó bá a lórí àpótí, ó ń dojú fọ́tò ìgbéyàwó wọn kọ ògiri.

"Ajíṣafẹ́ mi, ẹ káàárọ̀ o. Kí ni fọ́tò ṣe?"

"Ìyàwó wa, jókòó, ká dán an wò. Èmi ni àlejò. Madame, ta ni akápò yín?"

"Bàbá Firdaus ni."

"Rárá o! Orúkọ! Monsieur Kàmíl. Ẹ ò bára yín tan. Inú àánú lẹ ti pàdé."

Àríkẹ́ wo ilẹ̀. "Ajíṣafẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé n kò lè pè é."

Ó mọ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nínú ilé ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bomi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ni Àríkẹ́ ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ ẹ̀yẹ tirẹ̀. Ràṣídì tí ikun ṣì ń yọ nímú rẹ̀ nígbà náà, òun ló di Ajíṣafẹ́. Ó ti dàgbà tán, ó ti hu irun àyà, Ajíṣafẹ́ náà ni.

"Àṣà abúlé nìyẹn," ni Ràṣídì wí. "Ọ́fíìsì la wà báyìí. Ṣé o fẹ́ kí àwọn obìnrin yẹn kú sínú oòrùn torí orúkọ?"

"Ṣé wọn ò ní mú wa?"

"Ta ni yóò mú wa? Ẹgbẹ́ aláàánú ni wá."

"Irọ́ tí a ń pa ńkọ́?"

"Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ètò ni."

Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́ ni aládùúgbò wọn, Yétúndé, gbé àwọn àga onírọ́bà tí Ràṣídì yá wọlé lórí ara wọn. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lára gbogbo rẹ̀. Ó ti gbóòórùn ẹtù tó ń hó lórí iná, ó fa imú.

"Ẹ kú ìnáwó o!"

"Ìnáwó kọ́, Ìyá Ìrètí," ni Ràṣídì wí. "Ìpàdé ni. Pọ́ọ̀sì-kafé ni èyí tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀."

"Kọfí ọ̀hún ní ìyẹ́ lára."

Yétúndé gbé àga kalẹ̀, ó rí páálí kan lára ògiri. Ràṣídì ti ya àpótí àpótí sí i, ó fi ọfà so wọ́n pọ̀, láti fi ẹni tó ń jábọ̀ fún ẹnìkejì hàn. Yétúndé tẹ̀ síwájú, ó ka á, ó wá yọ orí sí àgbàlá.

"Bàbá Firdaus! Ẹ wá wò ó! Wọ́n fi yín sábẹ́ ìyàwó yín!"

Kàmíl dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wọlé. Ó wo páálí náà títí. "Ràṣídì, kí ló dé tí àpótí tèmi fi wà nísàlẹ̀?"

"Bọ̀dá mi, akápò ló ń jábọ̀ fún alága. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa."

"Nínú ilé tèmi?"

"Ilé yín kọ́ lónìí. Koulouba lẹ ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta, ẹ má ba ètò jẹ́."

"Ebi ń pa mí."

"Wọn kì í jẹ pọ́ọ̀sì-kafé ṣáájú ìpàdé!"

Kàmíl jáde. Ọ̀nà ìdáná ló gbà. Àríkẹ́ gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò ró lẹ́ẹ̀kan. Yétúndé náà gbọ́. Ó wo Àríkẹ́.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá àga sọ̀rọ̀. Ó fi aṣọ rẹ̀ nu ìdí àga, ó jáde, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Ẹ̀yìn fèrèsé ló dúró sí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Salimata dé láti kòtò òkúta. Ẹ̀yà Moosi ni, ọ̀rẹ́ Àríkẹ́ ni. Òun ló ń ra ìborùn rẹ̀ jù. Eruku òkúta ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun. Wọ́n ti ní kí ó wá jókòó bí ọmọ ẹgbẹ́, torí pé ẹgbẹ́ Ràṣídì kò ní ọmọ ẹgbẹ́ kankan, olóyè nìkan ló ní. Ó ki òòlù rẹ̀ bọ ìdí aṣọ.

"Fi òòlù yẹn síta," ni Ràṣídì wí fún un ní Jùlá, èdè ọjà. "Kò bá ojú ètò mu."

Salimata gbé òòlù náà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gba omi lọ́wọ́ Àríkẹ́, ó mu ún tán, ó ní: "Wọ́n tún gbé ẹnìkan lánàá. Ìyá àwọn ìbejì yẹn. Ó ń fọ́ òkúta lọ́wọ́, ó kàn dojú bolẹ̀. Ó ti jí o, barka, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa." Ó dá ife padà. "Ṣé ọkùnrin yìí yóò fún wa ní nǹkan náà báyìí?"

Àríkẹ́ mú etí aṣọ, ó nu ojú Salimata.

Àlejò dé lórí alùpùpù. Abdoul Aziz ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ràṣídì gbé e jókòó sí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Káàdì wà ní ọrùn Ràṣídì, ó wà ní ọrùn Àríkẹ́, ó wà ní ọrùn Firdaus. Jùlá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn lè gbọ́ra. Wọ́n kí ara wọn tán. Ràṣídì bá sín lẹ́ẹ̀mejì. Àmì nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ìta dún: kò, kò, kò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ohùn Kàmíl wí, "ṣé ibí ni ilé ẹgbẹ́?"

Firdaus lọ ṣílẹ̀kùn. Ó ti ń fi eyín jẹ ètè kí ẹ̀rín má baà jáde. "Bonjour, monsieur. Ta lẹ ń wá?"

"Èmi ni akápò. Láti Koulouba ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀nà jìn gan-an."

Kàmíl wọlé. Àgbò rẹ̀ tẹ̀lé e wọlé. Kàmíl lé e, àgbò kò lọ. Ó jókòó, àgbò gbé orí lé e nítan, ó ń jẹ etí agbádá rẹ̀.

Abdoul Aziz wò wọ́n. "Àgbò yìí mọ̀ yín o, Monsieur."

"Àgbò Wagadugu máa ń yá mọ́ ènìyàn," ni Ràṣídì wí kíákíá. "Firdaus! Ẹ gbé pọ́ọ̀sì-kafé wá!"

"Ẹ ṣeun, ẹ má ṣe ìyọnu," ni Abdoul Aziz wí. "Ajé ni òní. Mo gbààwẹ̀."

Ojú Ràṣídì wálẹ̀. Ojú Kàmíl gòkè.

"Ẹ jẹ́ ká fi eré kékeré kan bẹ̀rẹ̀," ni àlejò tún wí. "Kí oníkálukú dìde, kí ó fi ẹni tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ hàn wá. Orúkọ rẹ̀, àti ohun tí ó fẹ́ràn."

Inú Ràṣídì dùn dé ìdí. Ó mọ eré yìí, kò sí fọmasíọ̀n tí wọn kì í ti ṣe é. Ó dìde, ó fi Firdaus hàn pé akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìwé kíkà. Lẹ́yìn tí ó jókòó tán ni ó tó wo bí àga ṣe tò. Lẹ́yìn Firdaus, Àríkẹ́ ló kàn. Kàmíl ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ràṣídì yọ fìlà, ó fi nu òógùn.

Firdaus ti dìde ní tirẹ̀. "Madame la présidente, alága wa, nìyí," ni ó wí. "Orúkọ rẹ̀ ni… ni Àríkẹ́." Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn fèrèsé, Yétúndé ní, "Hàáà!"

Àríkẹ́ dìde. Ó mú káàdì ọrùn rẹ̀ dání. Ó wo àlejò, ó wo Ràṣídì, ó wo Kàmíl. Kàmíl ń wo àgbò.

"Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí…" Ó yí káàdì náà po. "Ẹni yìí kì í jẹ ilá."

"Ó dára," ni Abdoul Aziz wí. "Orúkọ rẹ̀?"

"Ó fẹ́ràn ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ ẹ́ lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní sùn."

Ràṣídì wúkọ́. Firdaus fi ìwé bojú.

"Madame, orúkọ rẹ̀ ni mo ń bèèrè."

Orúkọ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ láyà. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, kò jáde. Ó rántí ìyá ìbejì tó dojú bolẹ̀. Ó la ẹnu. "Wọ́n… wọ́n ń pè é ní Bàbá Firdaus."

Abdoul Aziz rọra yí ojú sí akọ̀wé. "Firdaus?"

"Firdaus pọ̀ ní Wagadugu!" ni Ràṣídì wí.

Salimata bú sẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́, eruku fò lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwọn ọkùnrin yìí! Ẹ fi obìnrin sílẹ̀! Ọkọ rẹ̀ ni! Àwa náà, a kì í pe ọkọ wa lórúkọ. Ẹ óò jókòó síbẹ̀ títí di àárọ̀, kò ní pè é."

Àgbò nìkan ló ń jẹ agbádá lọ. Lẹ́yìn fèrèsé, Yétúndé ní, "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tiyín ò tíì dé ẹnu ọ̀nà."

Àríkẹ́ wo ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ló ń retí. Nígbà tí ó tún wo àlejò, ó rí i pé ó tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

"Ìyá mi," ni Abdoul Aziz wí, nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, "títí wọ́n fi sin bàbá mi, 'onílé yẹn' ló ń pè é." Ó nu ojú. Ẹ̀rín bá tán lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. A kò kórìíra ẹbí. Bí ẹnìkan bá jẹ nǹkan ẹgbẹ́ nínú ilé kan náà, ta ni yóò bi í?"

Kàmíl, tí egungun ẹtù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, gbé e mì.

"Mo lè ti fáìlì yìí pa níbí."

"Ọ̀gá," ni Ràṣídì bẹ̀rẹ̀, "nínú fọmasíọ̀n tí a lọ—"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Àríkẹ́ wí. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ṣì wà lórí ìdúró. "Eré yẹn… kò tíì parí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹni tó jókòó níwájú mi."

Ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀. Ó fi kọ́ ọrùn Salimata, lórí eruku.

"Salimata ni orúkọ tirẹ̀. Mo lè pe èyí. Òkúta ló ń fọ́. Ohun tí ó fẹ́ràn ni ibòji." Ó yíjú sí àlejò. "Ilé wa kọ́ ni ilé rẹ̀. Àwọn bí tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lọ fọmasíọ̀n. Èmi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n."

Ó jókòó. Abdoul Aziz wo Salimata, ó wo òòlù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dìde.

"N kò ní ti fáìlì náà pa. Lọ́la, màá wá sí etí kòtò. Kí àwọn obìnrin fúnra wọn yan olóyè wọn lójú mi. Bí wọ́n bá yàn wọ́n, ọ̀rọ̀ àtíbàbà ń lọ." Ó yíjú sí Àríkẹ́. "Ẹ wá o, Madame. Wọn yóò nílò ẹni tí yóò máa kọ́ wọn bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́. Ọ́fíìsì wa ni yóò máa sanwó fún ẹni náà. Ẹnu yín la ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Ó gun alùpùpù lọ. Salimata gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹtù rù bí ó ṣe rí, ó gbé e lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kòtò òkúta. Kàmíl fi ojú sin ìkòkò náà títí ó fi yí kọ́nà.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Firdaus dojú fọ́tò ìgbéyàwó kọ ilé. Àríkẹ́ po gàrí fún wọn, torí pé òun ló ṣẹ́kù. Ràṣídì wá lóṣòó nídìí àdìrò. Káàdì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyàwó wa."

"Ajíṣafẹ́ mi."

"Ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn obìnrin yẹn… O mọ̀ pé nínú gbogbo Wagadugu, kò sí ẹni tó lọ fọmasíọ̀n tó mi."

"Mo mọ̀."

"O ó dárúkọ mi lọ́la?"

Àríkẹ́ gbójú sókè. "Ìgbà wo ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ẹni tó bá nílé?"

"Mo yọ̀ǹda! Lójú Bọ̀dá mi nìyí, mo yọ̀ǹda! Ràṣídì. Ó rọrùn. Pè é kí n gbọ́. Rà-ṣí-dì."

"Àríkẹ́, dá a lóhùn," ni Kàmíl wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹnu rẹ̀ kún fún gàrí.

"Ìyá Firdaus!" ni Yétúndé pè lórí ògiri. "Ta lẹ fẹ́ dárúkọ? Ẹ sọ fún mi, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Àríkẹ́ bu gàrí tó kù sínú abọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì bí ìyàwó rere, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ajíṣafẹ́. Ó dìde, ó gbọn eruku lára ìró rẹ̀, ó sì di ẹnu rẹ̀. Wọ́n pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, kò fọhùn.